Ṣé Ó Pé Kí A Fi Agbára Kún Ẹ̀rọ Agégi?

Bí ẹ bá dúró sí ìta ìlú Èjìgbò ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, níhà ọ̀nà tó lọ sí Ìfẹ́-Ọ̀dàn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn kan tí ń ké láti inú oko bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún agbọ́n bá ń bínú. Ẹ̀rọ agégi ni. Àwọn tó ń lò ó ń pè é ní ṣéènsọ̀. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ti pẹ́ ní Abidjan mọ orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é, tronçonneuse, orúkọ tó ń ká ahọ́n kò bí ẹni ń jẹ ẹran líle. Kì í ṣe ariwo rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Iyàn kan ni àwọn tó ń lò ó máa ń jà: ṣé ó pé kí ènìyàn gbé e lọ fún mẹkáníìkì, kí ó fi fáìlì ha inú rẹ̀, kí ó lu ihò sí sàláńsà rẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè ju bí ó ti jáde láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é lọ?

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gégi jẹun. Owó tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Abidjan ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ fún un, àdéhùn sì ni pé yóò máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí owó Abidjan ti rí ní Èjìgbò. Ilé tí ẹ ń wò yẹn, ṣọ́ọ̀bù yẹn, owó ilé-ìwé ọmọ yẹn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà tọ̀ mí wá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ilé o. Ẹ̀rọ yìí ò yá tó. Mẹkáníìkì kan ní òun lè fi agbára kún un."

"Kí ni ọ̀gá rẹ wí sí i?"

"Wọ́n ní kí n lọ pọ́n ṣéènì mi jàre."

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n n kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wádìí ná.

Iṣẹ́ igi kì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò. Òrìṣà Ògìyán tí ìlú ń bọ, iyán ni oúnjẹ rẹ̀, ta ni yóò sì gún iyán láìsí odó? Àáké ni àwọn baba wa fi ń wó igi odó nígbà náà. Ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà dé lẹ́yìn náà: wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á gbé ìtì igi dábùú rẹ̀, ẹnì kan á dúró lókè, èkejì á wà nínú ihò, ìyẹ̀fun igi á sì máa dà sí i lójú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọdé kan ń ráhùn pé ẹ̀rọ òun ò yá, ẹ rántí ẹni tó wà nínú ihò yẹn.

Ìjọba àwọn òyìnbó náà rí owó nínú igi. Ní ọdún 1899 ni wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá dé ní àwọn ọdún 1970, ilé bẹ̀rẹ̀ sí hù bí olú, gbogbo ilé ló sì ń fẹ́ pákó. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ìtì igi gẹdú lọ sí òkè òkun. Ìdí nìyẹn tí pákó ilé fi di òwò ńlá, tí sọ́míìlì fi pọ̀ káàkiri, tí ẹni tó ní ẹ̀rọ agégi sì fi di ẹni tí à ń wá kiri.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé díẹ̀. Ará Jámánì ni Andreas Stihl. Ní 1926 ó ṣe èyí tó ń lo iná mànàmáná. Ní 1927, Emil Lerp, ará Jámánì bákan náà, dán èyí tó ń mu pẹtiróòlù wò lórí òkè Dolmar. Ènìyàn méjì ló ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì wúwo bí ẹrù ìyà.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Joe Cox ni orúkọ rẹ̀, agégi ni ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Eyín ṣéènì ayé ìgbà náà kì í pẹ́ kú, pípọ́n rẹ̀ sì ń gba àkókò tí à bá fi gégi. Ní 1946, Cox rí kòkòrò kan tó ń jẹ kùkùté igi, irú ìdin ńlá tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń bá nínú igi jíjẹrà. Ó jókòó tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó rí i pé ẹnu kòkòrò náà tẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, ó sì ń fá igi lọ bí ẹni ń fá àgbọn. Ó padà sílé, ó ṣe ṣéènì tí eyín rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì bẹ́ẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Portland ní 1947. Irú eyín yẹn ni gbogbo ayé ń lò títí di òní. Kò fi ẹyọ agbára ẹṣin kan kún ẹ́ńjìnì ẹnikẹ́ni o. Eyín ló tún ṣe.

Kí ló wá dé tí ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì fi ń yún wọn? Bí ẹ́ńjìnì náà ti rí ni. Ẹ̀yin tó ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" mọ̀ pé ọ́ìlì là ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnì kan náà ni, èyí tí Joseph Day gbé jáde ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1891. Kò ní ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ń tì bí ti ẹ́ńjìnì mọ́tò. Ihò lásán ló wà lára ògiri sílíńdà. Bí písítìn bá lọ sókè á dí ihò, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ á ṣí i, èéfín á jáde, epo tuntun á wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní fáìlì tó lè ha ihò yẹn ga sókè díẹ̀ ti yí àkókò tí èéfín ń jáde padà. Ó rọrùn púpọ̀. Ó tiẹ̀ rọrùn jù.

Pé agbára wà nínú iṣẹ́ yìí, irọ́ kọ́. Walter Kaaden ṣe é ní ilé iṣẹ́ alùpùpù MZ ní ìlú Zschopau, ní apá ìlà-oòrùn Jámánì. Ó yí ihò sílíńdà padà, ó sì ṣe ẹ̀sọ́ọ̀sì tó wú níkùn bí ìgò, tí ìró èéfín fi ń padà wá ti epo tó fẹ́ sá jáde wọ inú sílíńdà. Ní 1961, ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí kò ju 125 cc lọ ń fúnni ní agbára ẹṣin 25. Ẹ jẹ́ kí n fi wé nǹkan: ẹ̀rọ agégi ńlá tí àwọn lagilagi fẹ́ràn jù ní Áfíríkà, Stihl 070, 106 cc ni, agbára rẹ̀ kò sì ju ẹṣin 6.5 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ọ̀gá tó ń gun alùpùpù náà ni Ernst Degner. Ní oṣù kẹsàn-án 1961, ó kù díẹ̀ kí ó gba adé ayé. Ní eré Kristianstad ní Sweden, ẹ́ńjìnì Kaaden yìí gan-an bàjẹ́ mọ́ ọn nídìí, ni adé bá lọ. Degner kò padà sílé mọ́. Wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sá kúrò, òun náà sì gbé àṣírí iṣẹ́ lọ fún Suzuki ní Japan. Ní 1962 Suzuki gba adé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìsọ̀rí 50 cc. Ìtàn yìí dùn bíi fíìmù. Èyí tó kan agégi nínú rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì tí a fún ní gbogbo agbára, eré ọjọ́ kan là ń fi í sá, lẹ́yìn eré àwọn mẹkáníìkì á tú u palẹ̀. Ta ni yóò máa tú ẹ̀rọ palẹ̀ ní alaalẹ́ nínú oko Ìfẹ́-Ọ̀dàn?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ènìyàn ṣiṣẹ́ wákàtí 8. Kò lè jẹ́ wákàtí 8 ni ṣéènì fi wà nínú igi. Ó ní láti rìn dé ibẹ̀, kí ó ṣán igbó ìdí igi, kí ó yí ìtì padà, kí ó rọ epo, kí ó sinmi. Ká ní wákàtí 3 ni ṣéènì fi ń jẹ igi. Bí agbára àfikún bá gé ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 36 ni èrè. Ẹ̀rọ náà á sì máa mu epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ó tó di May 29, 2023, lítà pẹtiróòlù kò tó igba náírà. Nígbà tó máa fi di July ọdún yẹn, ó ti kọjá ẹgbẹ̀ta. Ṣéènì tó fẹnu kan iyanrìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì lè gba ju ìṣẹ́jú 36 yẹn lọ lọ́wọ́ yín, agbára ì báà pọ̀ bíi ti erin.

Igi ibẹ̀ ńkọ́? Orúkọ Ìfẹ́-Ọ̀dàn ti sọ ọ́: ọ̀dàn ni, kì í ṣe igbó dúdú bíi ti ìhà Oǹdó. Ayin, àyìnrẹ́, apá, ìrókò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú oko bàbá ẹnì kan. Wọ́n le, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò tóbi tó èyí tí ẹ̀rọ bó ti jáde kò ní ká. Lílà igi sí pákó ni agbára ti wúlò jù, nítorí eyín ń lọ ní ìbú igi gígùn, ó sì ń jà. Síbẹ̀, ohun tí àwọn lagilagi tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń pọ́n eyín sí ìwọ̀n digirí 10 dípò 30 tí à ń lò fún gígé lábùú. Fáìlì kan ló ń ṣe é. Ẹni tó bá sì nílò agbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ra ẹ̀rọ ńlá.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ fò dá. Ẹ̀rọ 070 yẹn kò ní búréèkì tí ń dá ṣéènì dúró bí orí rẹ̀ bá ta padà sí ènìyàn. Ẹ fi agbára kún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e fún ọmọ tó wọ sálúbàtà lọ sóko, ẹ ó rí nǹkan. Kò sì sí agbára tó ń dín ìfọ̀ṣòfò igi kù: ṣéènì ń sọ bíi mílímítà 10 di ìyẹ̀fun ní gbogbo ìlà tó bá gé, ayùn sọ́míìlì kò ju bíi mílímítà 3 lọ. Gánà tilẹ̀ fi òfin de fífi ṣéènsọ̀ la pákó fún títà ní 1998. Àwọn tó ń là á kò tíì tán níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo kó lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo pẹ́ jù. Ó ti gbé e lọ. Ọjọ́ kìíní, ó ní ẹ̀rọ náà ń ké bí ọkọ̀ òfurufú, inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ kejì bákan náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló dákẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ ju epo lọ, ọ́ìlì kò sì tó nǹkan, nítorí mẹkáníìkì náà ṣí sàláńsà ṣùgbọ́n kò tún kabúrétọ̀ ṣe láti bá a mu. Orí písítìn yọ́ bí àbẹ́là, ó lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà. Owó Abidjan ló yọ́ yẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a wí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tiwọn fún un fún ìyókù ọ̀sẹ̀ náà. Kí wọ́n tó gbé e fún un, wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n fi fáìlì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì tọ́ka sí ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀ níbi tó ti gégi lánàá.

"Wò ó. Ó kúnná bí èlùbọ́. Eyín tó ti kú ló ń lọ èlùbọ́."

Ó pọ́n ọ́n fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó tẹ ẹ̀rọ sí àyìnrẹ́ kan, ohun tó ń fọ́n jáde ti há bíi gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀rọ sì ń rì wọ igi fúnra rẹ̀. Gbèsè àbúrò ìyá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Orí fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ ni písítìn yẹn wà títí di òní, wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.