Kúrúwà eléyín: ta ló ń san owó rẹ̀?

Bí mẹkáníìkì bá ní ká pààrọ̀ courroie de distribution, inú máa ń bí wa nítorí owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó náà ti wá.

Láyé ọjọ́un, ẹ̀wọ̀n irin tàbí jíà ló ń yí ọ̀pá tó ń ṣí sùpápù nínú ẹ́ńjìnnì. Peugeot 504 oní-bẹntiróòlù tí àwọn bàbá wa fi ṣe tasín, ẹ̀wọ̀n ló ní. Ní 1962 ni ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì, tó ti ń ṣe ẹ̀rọ oko rí, fi kúrúwà rọ́bà eléyín sínú S 1004. Kò pariwo, kò fẹ́ òróró, ó sì dínwó fún ẹni tó ń ṣe ọkọ̀. Fiat náà gbé tirẹ̀ jáde ní 1966.

Ìgbà náà ni ẹrù bọ́ sọ́rùn ẹni tó ra ọkọ̀. Rọ́bà ń gbó, kódà bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Tó bá já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pístọ̀n á gbá sùpápù, á tẹ̀ ẹ́, a ó sì tú orí ẹ́ńjìnnì. Kúrúwà gan-an kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ títú kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀ ló ń jẹ owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ galẹ́ẹ̀ àti pọ́ǹpù omi pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. (Èmi náà ti rò rí pé wọ́n fẹ́ jẹ mí lówó ni.)

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé, ìwé àtúnṣe rẹ̀ kì í sábà bá a dé. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí kúrúwà rẹ̀, ẹ kà á sí èyí tó ti gbó, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nígbà tí ẹ bá ń ná ọkọ̀ náà.