Owó ilé lẹ́yìn ìkójáde ṣáájú ọjọ́

Ìkójáde ṣáájú ọjọ́ ni kí ayálégbé kúrò nínú ilé kí àsìkò àdéhùn rẹ̀ tó pé. Ní Nàìjíríà, láti Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí títí dé Èkó, ìlànà tí a jogún lára òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: kíkó ẹrù jáde nìkan kò fòpin sí àdéhùn.

Bí ayálégbé bá ti san owó ọdún kan sílẹ̀, kì í sábà rí owó oṣù tó kù gbà padà, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì san án, gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbèsè yìí á parí bí onílé bá fọwọ́ ara rẹ̀ gba ilé padà. Ayálégbé tún lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀, bí onílé bá gbà.

Fún ilé tí a ń gbé lọ́dọọdún, Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ẹni tó fẹ́ fòpin sí i fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù 6, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn. Ti oṣooṣù jẹ́ oṣù 1. Ó dára kí tọ̀túntòsì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ kí wọ́n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.