Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: ìtàn tó yẹ ká mọ̀ ká tó ra páwà báìkì tòkunbọ̀

Mo mọ̀ pé ìtàn ìlú àti ìtàn ọba la sábà máa ń kà níbí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn alùpùpù ni, ó sì nídìí.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin, èyí tí wọ́n bí sí Kàdúná níbí, fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi. Páwà báìkì tòkunbọ̀ méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ Honda CBR600F ọdún 1999, èkejì jẹ́ Yamaha R1 ọdún 2000. Owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n má rà á o. Mo ti kówó jọ."

Ó mọ̀ mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ra 1000cc ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹfà ló ṣubú. Orí kó o yọ, ṣùgbọ́n irin ṣì wà nínú itan rẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe pé kò mọ alùpùpù gùn. Ó ti ń gun 125cc kó tó pé ogún ọdún. Ohun tí kò mọ̀ ni ìran ohun tó gùn lé lọ́jọ́ náà.

Mo wá pe àbúrò mi. Mo ní, "Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé tí àwọn méjèèjì ti wá."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "tòkunbọ̀" fúnra rẹ̀. Orúkọ wa ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n gbé wálé, la ń pè ní Adétòkunbọ̀ tàbí Olútòkunbọ̀. Lónìí, láti Èkó dé Màídúgùrì, Haúsá ń pè é, Ìgbò ń pè é: mọ́tò tòkunbọ̀, fíríìjì tòkunbọ̀, táyà tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n a gbàgbé apá kan. Bí ọmọ bá ti òkun bọ̀, àwọn àgbà kì í kàn gbá a mọ́ra lásán. Wọ́n á béèrè pé níbo ló gbé, ta ló tọ́ ọ, irú ìwà wo ló kó bọ̀? Ẹ̀rọ náà nílò ìbéèrè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa. Bàbá tèmi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá tajà níbí, Honda ló sì fi ń lọ sọ́jà. Ní 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù ni CG125, tó kọ́kọ́ jáde ní 1976. Àwọn ẹnjiníà Honda ti ṣàkíyèsí pé ní àwọn ìlú bíi tiwa, èèyàn máa ń di ẹrù lé alùpùpù gan-an, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n wá yọ ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí òkè ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ọ̀pá irin rọ́pò rẹ̀. Ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbaja. Agbára rẹ̀ kò ju bí ẹṣin 11 lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbé èrò, àwa sọ ọ́ ní ọ̀kadà, láti ara orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù Okada Air. Àwọn Haúsá níbí pè é ní àchàbà, títí ìjọba Kánò fi fòfin dè é ní 2013. Orí wọn la ti kọ́ gígùn. Ọmọ tó bá ṣi jíà lórí wọn, ẹ̀rọ á kàn kú. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì jù, á yọ̀ díẹ̀, á fẹsẹ̀ tilẹ̀. Wọ́n máa ń foríjini. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti wọlé: a rò pé páwà báìkì jẹ́ ọ̀kadà tó kàn tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdílé mìíràn ni.

Orí pápá ìdíje ni ìdílé yẹn ti ṣẹ̀. Ní 1959, Honda kó alùpùpù láti Jàpáàn lọ sí ìdíje erékùṣù Isle of Man. Nígbà tó fi di 1961, wọ́n ti ń gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀. Ní 1969, wọ́n gbé CB750 jáde: ó ní sìlíńdà mẹ́rin, ó sì ní bíréèkì díìsì níwájú. Ní 1984, Kawasaki gbé GPZ900R jáde, èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ Ninja, tí omi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Suzuki ṣe GSX-R750. Wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe egungun rẹ̀. Láìsí epo àti ọ́ìlì nínú rẹ̀, kílò 176 ni, agbára rẹ̀ sì tó bí ẹṣin 100. Ká sòótọ́, alùpùpù ìdíje ni wọ́n kàn gbé iná àti nọ́ńbà sí lára.

Láti ibẹ̀ ni ìdílé náà ti pín sí méjì, ẹ fọkàn bá mi lọ níbí.

Ẹ̀ka kìn-ín-ní ni CBR600F, tó jáde ní 1987. Ohun tí Honda fẹ́ ni kí ẹnì kan fi lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, kó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, kó tún lè fi díje tó bá wù ú ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n ojú títì ni wọ́n tọ́ ọ fún.

Ẹ̀ka kejì kò bìkítà fún ìyàwó lẹ́yìn. Ní 1992, Tadao Baba àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Honda ṣe CBR900RR, 893cc, kílò 185. Ní 1998, Yamaha fi R1 dá wọn lóhùn: 998cc, ẹṣin 150, kílò 177. Wọ́n to àwọn ọ̀pá jíà léra wọn kí ẹ́ńjìnnì lè kúrú, kí ẹ̀rọ náà lè máa yí kọ́nà bí ológbò. Ní 1999, Suzuki gbé Hayabusa dé, tó ń sá ju kìlómítà 300 lọ láàárín wákàtí kan. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn fi gbà láti máa dúró sí 299.

Mo wá bi àbúrò mi pé, "Ẹṣin mélòó lò ń gùn báyìí?" Ó ní, "Mọ́kànlá, Ẹ̀gbọ́n." Mo ní, "R1 yẹn jẹ́ mẹ́tàlá irú rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan. Jíà kìn-ín-ní nìkan lè gbé e kọjá 120. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lára rẹ̀ tó máa sọ fún ọ pé ó tó." Mi ò parọ́ fún un pé CBR jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́. Òun náà tó bí ẹṣin 110, òun náà lè pani. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un ní epo díẹ̀, díẹ̀ náà ló máa fi lọ. O lè kọ́ ọ. Ìjókòó rẹ̀ kò sì ní ṣẹ́ ọ lọ́wọ́ nínú gòsílóò oṣù kẹta, tí oòrùn Kàdúná bá mú.

Ìyẹn ni ìtàn ìdílé. Ó ku ìtàn ọmọ fúnra rẹ̀. Mo ní kó lọ wo àwọn méjèèjì pẹ̀lú mẹkáníìkì tó gbọ́n, kó má wo ọ̀dà tó ń dán:

Kí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣíná sí i. Tó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ń fi nǹkan pamọ́. Títutù ni ẹ̀rọ máa ń sọ òótọ́.

Kí ó wo irin kékeré tó ń dá ọwọ́ dúró tí a bá yí i tán lápá ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ti tẹ̀ tàbí ya, ẹ̀rọ náà ti ṣubú gan-an rí.

Kí ó ka nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Táyà tó ti gbó kì í di ilẹ̀ mú, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó.

Kí ó wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sún mọ́ 14, iná kò wọlé dáadáa.

Kí ó fi nọ́ńbà ara egungun wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìwé tí kò bá ẹ̀rọ mu, ẹjọ́ lo rà.

Ó lọ. Ó ti bẹ ẹni tó ń ta R1 pé kó má ṣíná sí i, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti gbóná kó tó dé. Irin ìdúró ti tẹ̀. Nọ́ńbà ìwé sì yàtọ̀. CBR náà ní àbùkù: táyà ọdún 2009, ṣéènì ti nà. Ṣùgbọ́n ìwé bá egungun mu, ẹ́ńjìnnì sì tutù.

CBR ló rà. Ó fi ìyókù owó ra táyà tuntun, àṣíborí gidi, jákẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, àárọ̀ Sunday nìkan ló ń gùn ún, kí ojú títì tó kún. Ìyá wa ṣì ń bínú sí mi pé mi ò dá a dúró. Bóyá wọ́n jàre. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ní kó má rà á, R1 yẹn ni ì bá lọ fi ìkọ̀kọ̀ rà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n, bí ọmọ yín bá fi fọ́tò báìkì hàn yín, ẹ má kàn fi ariwo lé e lọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a wo ilé tó ti wá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo wa lọ́nà àjò o.