Odídẹrẹ́ Ìwó àti Ibodè Tó Ṣí Sílẹ̀

Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé Ìwó lẹ ti wá, ó ṣeé ṣe kó dá yín lóhùn pé, "Ẹn-ẹ́n, ilé odídẹrẹ́!" Orúkọ yẹn dùn mọ́ wa. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ò rí odídẹrẹ́ nínú igbó rí. Inú fóònù la ti mọ̀ ọ́n, tàbí ká rí ìkóódẹ rẹ̀ tó pupa lára adé.

Níbo lẹyẹ náà lọ? Wọ́n gé igi ńláńlá tó ń yé ẹyin sínú ihò wọn, ìyẹn apá kan. Òwò ni apá kejì. Apẹyẹ á fi àtè sórí ẹ̀ka, á so odídẹrẹ́ kan mọ́bẹ̀ kó máa ké pe àwọn yòókù. Láti 1975, èyí tí wọ́n mú nínú igbó Áfíríkà tí wọ́n sì tà sókè òkun lábẹ́ òfin nìkan ju mílíọ̀nù 1 lọ. Àwọn tó kú sínú àgò kò sí nínú ìṣirò yẹn. Àwọn baba wa ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Wọn ò tíì mọ pápákọ̀ òfurufú nígbà náà.

Ọdún 1975 yẹn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó, pé kí owó ibodè máa kúrò lórí ọjà díẹ̀díẹ̀. Oṣù Keje ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn, èkejì ń tì í. Nàìjíríà sì wà nínú méjèèjì.

Ní 1993, ní Kútọnu, ECOWAS tún ìwé wọn kọ. Abala 29 ní kí wọ́n jọ máa dáàbò bo àyíká. Abala 41 gbà kí orílẹ̀-èdè dá ọjà dúró bó bá jẹ́ láti dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn, ẹranko tàbí ewéko. Ẹ ò rí i pé òwò ọ̀fẹ́ náà ní géètì tiẹ̀! Ẹni tó máa tì í ló ṣọ̀wọ́n. Bí ìlú kan bá sì dá tirẹ̀ tì, oníṣòwò á gba ti aládùúgbò. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó wádìí ní Gánà sọ pé láti 1992, nínú odídẹrẹ́ 100 tó wà níbẹ̀, ó kéré tán 90 ti lọ.

Ọdún yẹn náà, ní Johannesburg, Nàìjíríà, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gínì wà lára àwọn tó jọ gbé àbá kalẹ̀ pé kí òwò odídẹrẹ́ igbó láàárín orílẹ̀-èdè dópin. Wọ́n dìbò, àbá náà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2017. Ìdùnnú ńlá ni fún wa, bó tilẹ̀ pẹ́.

Òwò tó ń kọjá ibodè nìyẹn o. Ìkóódẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà tiwa níbí ńkọ́? Ṣé èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n fà tu?