Ilé Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Ọwọ́ Ara Wọn Wá: Ìtàn Ẹgbẹ́ WASU ní Lọ́ńdọ̀nù

Lílọ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ilẹ̀ Òyìnbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ Yorùbá. Bí ó ti rí lónìí náà ni ó rí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ohun tí ó kọ́kọ́ ń dààmú àlejò akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìwé, bí kò ṣe ibi tí yóò sùn sí.

Ní ọdún 1922, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró, wọ Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kí ó lè rí nǹkan fi gbọ́ bùkátà. Ìṣòro àwọ̀ tún gorí ìṣòro owó. Onílé lè kéde pé yàrá wà, ṣùgbọ́n bí adúláwọ̀ bá kan ilẹ̀kùn, yàrá ti tán nìyẹn. Ní ọdún 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ṣólàńkẹ́ kò dákẹ́. Ó kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun, Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sàró àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀. J. B. Danquah láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: etí Yorùbá gbọ́ "wàásù" nínú orúkọ náà, ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1926 sì ń jẹ́ orúkọ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò nílé, ìta ni yóò ti máa wàásù. Ní ọdún 1928, Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà, fún wọn ní ilé kan lò fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1929, Ṣólàńkẹ́ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì ń ti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932, ó ń tọrọ owó ilé lọ́wọ́ ọba àti mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1933, ilé náà ṣí ní Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni olùtọ́jú rẹ̀; Ọpẹ́olú, aya rẹ̀, sì ń bójú tó àwọn tí ń gbé ibẹ̀.

Ní ọdún 1934, ilé mìíràn tí ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, Aggrey House, ṣílẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀. WASU yarí. Ìbẹ̀rù wọn ni pé ẹni tí ó bá fúnni nílé ni yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, owó ilé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín agbéraga àti onírẹ̀lẹ̀. Nígbà tí ìnáwó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, WASU náà gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n gba owó náà, ṣùgbọ́n wọn kò ta ohùn wọn.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn láìpẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, ọ̀kan pàtàkì nínú ìjọba Churchill, sọ fún wọn pé òmìnira tí wọ́n ń torí rẹ̀ jagun wà fún gbogbo ẹ̀yà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Churchill ní ilẹ̀ Yúróòpù ni àdéhùn náà wà fún. WASU kò gbà. Ní ọdún 1942, wọ́n béèrè pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Lẹ́yìn ogun náà, Kwame Nkrumah di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀hún.

Ṣólàńkẹ́ kú ní ọdún 1958, ọdún méjì ṣáájú òmìnira Nàìjíríà. Lónìí, ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tún ti ń há. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ fún oyè másítà kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ọ̀pọ̀ ń dá ìṣòro yìí rù, bí ẹni pé àwọn ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé bá. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Àwọn tí ó kọ́kọ́ rìn ín kò dúró de ìgbà tí onílé yóò yọ́nú. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì wá ilé.