Mórí Bọ́ Yàtọ̀ sí Àìfarapa: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìjà Òrè

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà kọjá odò Ọya, wọ́n gba Ìbíní, wọ́n sì ti dé Òrè nílẹ̀ Odìgbò kí ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ibẹ̀ la ti rí àṣàyàn ọ̀rọ̀ náà: “Ó le kú, ìjà Òrè!”

Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí ẹni tó yọ kì í ṣe ọ̀kan. “Ó mórí bọ́”: orí yọ, ẹsẹ̀ lè ti ṣẹ́. “Ó já àjàbọ́”: wọ́n ti dì í mú tẹ́lẹ̀. “Ikú yẹ̀ lórí rẹ̀”: ikú dé, ó yà. “Kò fara pa” nìkan ló ní ara pé.

Ẹ̀yin awo, ẹ kíyè sí i o. Bí Ifá bá ní ẹnìkan yóò là, ẹ má ṣèlérí pé kò ní gbọgbẹ́. Ẹni tó rúbọ, tó mórí bọ́ pẹ̀lú àpá, ẹbọ rẹ̀ fín.