Káàdì nẹ́tíwọ̀kì wo lẹ máa yàn fún VM yín?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ̀dá VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ máa dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè irú káàdì nẹ́tíwọ̀kì tẹ́ ẹ fẹ́. VirtualBox á to PCnet, Intel PRO/1000 àti virtio-net síwájú yín. Proxmox á to E1000, VirtIO, RTL8139 àti vmxnet3. Ọ̀pọ̀ wa kì í dúró kà á, èyí tó bá ti wà níbẹ̀ la máa ń gbà. Tó bá jẹ́ eré lẹ fẹ́ fi VM náà ṣe, kò burú. Tó bá wá jẹ́ server tí iṣẹ́ ẹlòmíì wà lórí ẹ̀ ńkọ́?

Kò sí káàdì gidi kankan níbẹ̀ o. Software ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni káàdì. E1000 ń sín káàdì Intel 82540EM jẹ, RTL8139 ń sín ti Realtek jẹ, káàdì táwọn èèyàn ti fi sínú kọ̀ǹpútà gidi rí. Windows tàbí Linux tó wà nínú VM ò ní mọ̀ pé ayédèrú ni, dráífà tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló máa lò, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. CPU ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí dráífà bá fọwọ́ kan káàdì yẹn, VM á kọ́kọ́ dúró kí kọ̀ǹpútà onílé bá a ṣe iṣẹ́ náà.

VirtIO ò fara wé káàdì ẹnì kankan. Rusty Russell ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì ti wà nínú Linux láti 2008. VM á kó ẹrù dátà jọ sí àyè kan nínú RAM tí òun àti kọ̀ǹpútà onílé jọ ń rí, á wá pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹni tó di ẹrù ẹ̀ tán kó tó pe ọlọ́kadà ni. VMXNET3 ni VMware ṣe fún irú iṣẹ́ yìí kan náà.

Ẹ má jẹ́ kí 1 Gbps tàbí 10 Gbps tí Windows kọ síbẹ̀ tàn yín. Ohun tí káàdì ń pe ara ẹ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Linux ló wà nínú VM, ẹ yan VirtIO, ọ̀rọ̀ parí. Windows ló lẹ́jọ́, torí dráífà VirtIO ò sí nínú ẹ̀. Ẹ lè máa gbé Windows 11 sórí VM, kó ní òun fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní rí káàdì kankan. Ẹ wa ISO tó ń jẹ́ virtio-win jáde, ẹ so ó mọ́ VM bíi CD kejì, kẹ́ ẹ sì mú dráífà nínú fódà NetKVM.

Server Windows tó ti ń ṣiṣẹ́ gba sùúrù ju ìyẹn lọ. Bẹ́ ẹ bá jókòó sílé, tẹ́ ẹ ń lo Remote Desktop, tẹ́ ẹ wá yí E1000 sí VirtIO láìfi dráífà sí i, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn. Kódà bí dráífà bá wà, káàdì tuntun ni Windows máa kà á sí: IP tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ á dúró sára káàdì àtijọ́ tí kò hàn mọ́. Torí náà, ẹ kọ IP, gateway àti DNS sílẹ̀ ná. Ẹ fi VirtIO kún un bíi káàdì kejì, ẹ jẹ́ kí dráífà wọlé, kẹ́ ẹ tó yọ ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé console Proxmox ń ṣí, torí ìyẹn ò nílò nẹ́tíwọ̀kì inú VM.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Ní November 2018, Sergey Zelenyuk tú àṣírí ihò kan nínú E1000 ti VirtualBox: ẹni tó bá ti gba agbára root nínú VM lè gba ibẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà onílé. Ìmọ̀ràn tó fún aráyé ni pé kí wọ́n yí káàdì sí PCnet tàbí virtio-net títí Oracle á fi tún un ṣe, Oracle sì ti tún un ṣe. Ní 2015, wọ́n rí ihò nínú RTL8139 àti PCnet ti QEMU náà. Ẹ máa ṣe update.

RTL8139, tó jẹ́ káàdì 100 Mbps, system àtijọ́ nìkan ló yẹ ẹ́. Fún Windows XP nínú VirtualBox, PCnet-FAST III tàbí PRO/1000 T Server ló máa ṣiṣẹ́ láìwá dráífà kiri. Vista ò gba PCnet mọ́. PRO/1000 MT Desktop ni tiẹ̀.

Lórí server Nitro ti AWS, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ yàn, ENA ni wọ́n ń lò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé VM yín lọ síbẹ̀, ẹ fi dráífà ENA sínú ẹ̀ látilé.